Ìlú Mẹ́ta Ti Tó: Ìbéèrè Yín Lórí Ìrìn-àjò Ṣọ́ọ̀bù Ṣárítì

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí ló dá lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: kí ọ̀rẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó sínú ọkọ̀, kí wọ́n máa ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n máa ṣa aṣọ, àwo àti bàtà àlòkù ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ṣárítì, ìyẹn ilé ìtajà tí àwọn ẹgbẹ́ aláàánú fi ń kówó jọ. A ti mú àwọn tó kan ènìyàn púpọ̀. Bí ẹ ò bá rí tiyín, ẹ wo ìdáhùn tí a fún ẹlòmíràn, ó lè wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa obìnrin mẹ́rin la fẹ́ gbéra láti Harrow lọ́jọ́ Sátidé kan. A ti kọ orúkọ ìlú mẹ́fà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wa ní ó ti pọ̀ jù. Kí lẹ rí sí i? (Òǹkàwé, Harrow)

Òótọ́ lọ̀rẹ́ yín sọ. Ìlú mẹ́ta ti tó, ẹ jẹ́ ká sì ṣírò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ṣárítì máa ń ṣí láàárín aago mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá àárọ̀, wọ́n sì máa ń tì láàárín aago mẹ́rin ààbọ̀ sí márùn-ún. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láti ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí náà bí ẹnì kan kò bá wá, wọ́n lè tètè palẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ń yẹ ọjà wò dáadáa kò ní kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù kan kí ogún ìṣẹ́jú tó pé. Ṣọ́ọ̀bù márùn-ún nínú ìlú kan ti di wákàtí méjì nìyẹn, tí ẹ bá ka wíwá ibi ìgbọ́kọ̀sí àti ìrìn ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Ìlú mẹ́ta, wákàtí mẹ́fà. Ẹ fi oúnjẹ ọ̀sán àti àkókò tí ẹ máa lò lójú títì lé e, wọ́n ti ń tilẹ̀kùn. Tí ẹ bá ní ìlú mẹ́fà lẹ máa dé, aago lẹ máa wò, ẹ ò ní ráyè wo aṣọ.

Láti Harrow, ẹ gba A404 tààrà, ẹ kọjá Rickmansworth àti Chorleywood títí dé Amersham. Ẹ má lọ gbé ọkọ̀ sí Old Amersham o. Ibẹ̀ rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí òkè, ní Amersham-on-the-Hill, nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù wà. Láti ibẹ̀, A416 ló lọ sí Chesham, bíi máìlì méjì péré. Àárín ọjà ibẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ ló ni ín, nítorí náà ibi ìgbọ́kọ̀sí ẹ̀yìn ọjà ni kí ẹ wá. A416 kan náà ló máa gbé yín dé Berkhamsted, bíi máìlì márùn-ún sí i. Ẹ fi A41 àti M25 darí sílé. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí àádọ́ta máìlì.

Ìdí tí a fi mú agbègbè yìí ni pé ohun tí ará àdúgbò bá kó sílẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù ń tà. Níbi tí àwọn àgbàlagbà olówó bá pọ̀ sí, ẹ máa rí kóòtù onírun àgùntàn gidi, àwo tánganran àti aṣọ ọ̀gbọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ẹ má retí ìṣúra tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá bíi Oxfam àti British Heart Foundation ní ibi tí wọ́n ti ń ta ọjà olówó gọbọi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ti máa ń yọ èyí tó dáa gan-an kí ó tó dé orí ìkọ́. Ṣọ́ọ̀bù àwọn ilé ìtọ́jú aláìsàn tó wà ní ìlú kan ṣoṣo kì í sábà rí àyè ṣe bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀.

Ẹ ka pátákó ibi ìgbọ́kọ̀sí kí ẹ tó kúrò nídìí ọkọ̀. Ti ilé ìtajà ńlá sábà máa ń gba wákàtí méjì péré, kámẹ́rà ló sì ń ṣọ́ ọ: ìgbà tí ẹ wọlé ló ti ń kà, kì í ṣe ìgbà tí ẹ rí àyè gbé ọkọ̀ sí. Ti káńsù tó gba ọ̀pọ̀ wákàtí ló dáa jù. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í sì ṣí lọ́jọ́ Sọ́ńdè, nítorí náà ẹ má sún un sọ́jọ́ kejì láìjẹ́ pé ẹ ti tẹ̀ wọ́n láago.

Bí ẹ bá fẹ́ kó ẹrù tiyín lọ fún wọn, ẹ kó o sílẹ̀ ní ìlú àkọ́kọ́ kí bùùtù lè ṣófo. Ẹ tẹ̀ wọ́n láago ṣáájú, torí yàrá ẹ̀yìn máa ń kún, wọ́n sì lè dá yín padà. Ẹ má gbé e sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tó ti tì. Òjò á bà á jẹ́, káńsù sì lè kà á sí dída ilẹ̀ sí ìgboro.

Èmi ni mo ní ọkọ̀. Ṣé mo lè gba owó epo lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ mi láì ba ìnṣọ́ránsì mi jẹ́? Èló ló tọ́ kí n gbà? (Òǹkàwé, Milton Keynes)

Ẹ lè gbà á, bí kò bá ti sí èrè níbẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì níbí gbà kí èrò ọkọ̀ dá owó ìrìnnà, bí ọkọ̀ náà kò bá gbà ju èrò mẹ́jọ lọ, tí owó tí wọ́n dá kò sì ju iye tí ìrìn-àjò náà ná yín. Ẹni tó bá gba £10 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan fún epo £13, takisí ló ń ṣe yẹn, ìnṣọ́ránsì rẹ̀ kò sì bo ìyẹn.

Ibi tí ìṣirò ti máa ń dàrú ni pé máìlì lórí gálọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń sọ bí ọkọ̀ ṣe ń mu epo, ṣùgbọ́n lítà ni wọ́n fi ń tà á. Gálọ́ọ̀nù Gẹ̀ẹ́sì kan jẹ́ lítà 4.55. Ká ní ẹ máa rin 80 máìlì, ọkọ̀ yín sì ń rin 40 máìlì lórí gálọ́ọ̀nù kan: gálọ́ọ̀nù méjì nìyẹn, lítà 9.1. Bí lítà kan bá jẹ́ £1.45, epo jẹ́ £13.20. Ẹ fi owó ìgbọ́kọ̀sí £6 kún un, ó di £19.20, ẹ̀yin mẹ́rin, £4.80 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbà á láàárọ̀ kí ẹ tó gbéra. Lálẹ́, lẹ́yìn tí kálukú ti náwó tán, owó epo kì í yá jáde.

Bí ọ̀rẹ́ yín bá máa bá yín wa ọkọ̀ díẹ̀, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ìnṣọ́ránsì yín, tàbí kí ó ra ti ọjọ́ kan. Ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ yẹ owó afẹ́fẹ́ mímọ́ wò pẹ̀lú. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni ULEZ, ìyẹn owó afẹ́fẹ́ mímọ́ ti Lọ́ńdọ̀nù, ti bo gbogbo àdúgbò ìlú náà, £12.50 lójúmọ́ fún ọkọ̀ tí kò bá ìlànà mu. Ọkọ̀ oní-pẹtiróòlù tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2005 sábà máa ń yege. Ti oní-dísẹ́ẹ̀lì, ẹ wá èyí tó jẹ́ lẹ́yìn oṣù kẹsàn-án ọdún 2015. Birmingham ń gba £8, Bristol £9. Bath kì í gbà á lọ́wọ́ ọkọ̀ ilé.

Ọ̀rẹ́ wa kan ò lè ra ohunkóhun láì ná an, ojú sì máa ń tì wá. Ṣé wọ́n ń ná ọjà ní ṣọ́ọ̀bù ṣárítì? (Òǹkàwé, Luton)

Wọn kì í ná an bí ẹni wà lọ́jà. Ẹni tó jókòó nídìí owó kọ́ ló dá iye lé e. Máníjà tàbí ẹni tó ń ṣa ọjà nínú yàrá ẹ̀yìn ló ṣe é, ẹni iwájú kò sì láṣẹ láti yọ kọ́bọ̀ kúrò. Kí ọ̀rẹ́ yín dúró tì í kó máa ní "gbà á ní ààbọ̀", ìyà ló fi ń jẹ ẹni ẹlẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì wà. Èkíní, bí ẹ bá rí àbùkù: bọ́tìnnì tó já, síìpù tó há, ife tó sán. Ẹ fi ojú ibẹ̀ hàn wọ́n, ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé máníjà lè wo iye rẹ̀ nítorí èyí?" Ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kan péré.

Èkejì wà lára páálí kékeré tó gbé iye owó. Ẹ mú un sún mọ́ ojú: nọ́ńbà kékeré kan sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye náà, bíi 14 tàbí 37. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé ọjà náà jáde láàárín ọdún nìyẹn. Ọjà tí kò bá tà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á yọ ọ́ kúrò lórí ìkọ́, wọ́n á gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn, tàbí kí wọ́n tà á ní kílò fún àwọn oníṣòwò àkísà. Bí ẹ bá rí kóòtù tó ti pẹ́ lórí ìkọ́, máníjà lè fara mọ́ owó tó dín díẹ̀ ju kó di ẹrù kílò lọ. Ẹ má yọ páálí aṣọ kan lẹ̀ mọ́ òmíràn ṣá. Olè jíjà ni, kámẹ́rà sì ń wò yín.

Ìgbà tí mo bá délé ni mo máa ń rí ihò àti àbàwọ́n. Kí ni kí n máa yẹ̀ wò ní ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní yàrá tí a ti ń wọ aṣọ wò? (Òǹkàwé, Leicester)

Iná ṣọ́ọ̀bù ló ń tàn yín jẹ. Ẹ gbé aṣọ lọ sí ìdí fèrèsé, kí ẹ sì tẹ̀lé ọ̀nà kan náà lórí gbogbo aṣọ: abẹ́ apá, ọrùn, etí ọwọ́, àárín itan, lẹ́yìn náà gbogbo ojú rírán. Abẹ́ apá tó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú kì í mọ́ mọ́. Àárín itan ṣòkòtò ni aṣọ ti ń kọ́kọ́ fẹ́lẹ́. Ẹ fi ọwọ́ sínú rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sí ìmọ́lẹ̀. Ẹ fa síìpù lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀mẹta. Bọ́tìnnì tó sọnù kì í ṣe ìṣòro: ẹ wo ojú rírán ẹ̀gbẹ́ nínú aṣọ, wọ́n sábà máa ń rán àfikún mọ́ ibẹ̀.

Súwẹ́tà onírun àgùntàn àti cashmere (irun ewúrẹ́), ẹ gbé e sókè síwájú iná. Ihò kòkòrò ajẹṣọ kéré bí orí abẹ́rẹ́, ó sì máa ń pọ̀ lójú kan. Bí ó bá le, tó nípọn, tí ojú híhun rẹ̀ kò hàn mọ́, ẹnì kan ti fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Ó ti há nìyẹn, kò ní tẹ́ mọ́. Jákẹ́ẹ̀tì ọkùnrin ní àrùn tirẹ̀. Ẹ wo àyà rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́: bí ó bá wú pọ́npọ́n bí ìléròrò, gọ́ọ̀mù tó so aṣọ òde mọ́ ti inú ti ṣí. Ooru àti ilé ìfọṣọ ló ń fà á. Kò sí áyọ́ọ̀nù tó máa mú un tẹ́ pẹ́.

Bàtà ló ń tan ènìyàn jẹ jù. Ọ̀pọ̀ bàtà eré ìdárayá àti bàtà ìrìn òkè ní polyurethane, irú ike rírọ̀ kan, nínú àtẹ́lẹ̀ wọn, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kódà nínú páálí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Ìdí nìyẹn tí bàtà tó dà bíi tuntun ṣe lè rún wómúwómú lọ́jọ́ àkọ́wọ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àárín àtẹ́lẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì tẹ bàtà náà kọ. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́, bí ó bá sán tàbí tí ó rún, ẹ dá a padà. Ohun kan náà ló ń ṣe báàgì awọ àdàmọ̀dì tí inú rẹ̀ ń lẹ̀.

Ní ti ìwọ̀n, ẹ gbàgbé nọ́ńbà ara lébẹ́ẹ̀lì. Aṣọ obìnrin àtijọ́ tí wọ́n kọ 14 sí máa ń kéré ju 14 òde òní lọ. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ tẹ́ aṣọ tiyín tó bá yín mu sílẹ̀, kí ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n láti abẹ́ apá kan sí èkejì, gígùn ọwọ́, ìbàdí, àti ojú rírán inú itan. Ẹ kọ ọ́ sórí fóònù. Ní ṣọ́ọ̀bù, aṣọ lẹ máa fi wé aṣọ. Ẹ wọ ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ra àti tọ́ọ̀pù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ, kí ẹ lè gbé kóòtù tàbí síkẹ́ẹ̀tì wọ̀ lé e níwájú dígí.

Bí ẹ bá délé, ẹ má da àpò náà sórí ibùsùn. Ẹ fọ èyí tó bá gba 60°C ní 60°C, tàbí kí ẹ fi sínú ẹ̀rọ ìgbẹṣọ gbígbóná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìdun kì í yè é. Ti onírun àgùntàn, ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ fi í sí fíríísà ní −18°C fún ọ̀sẹ̀ méjì, torí ẹyin kòkòrò ajẹṣọ kì í hàn sí ojú.

Báwo ni mo ṣe lè mọ fàdákà gidi, tánganran tó sán, àti idẹ tó jẹ́ ìtànjẹ? (Òǹkàwé, Leeds)

Ẹ mú òòfà kékeré àti tọ́ọ̀ṣì dání. Òòfà kì í mú idẹ, kì í mú fàdákà. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọpá àbẹ́là "idẹ" náà, irin tí wọ́n kùn ni. Ṣùgbọ́n bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, ìyẹn nìkan kò fi hàn pé gidi ni.

Lára fàdákà Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wá kìnnìún tó ń rìn, tàbí 925, pẹ̀lú àmì ìlú tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò: ìdákọ̀ró ni ti Birmingham, orí àmọ̀tẹ́kùn ni ti Lọ́ńdọ̀nù, òdòdó rósì ni ti Sheffield láti ọdún 1975, ilé olódi ni ti Edinburgh. Lẹ́yìn ṣíbí ló máa ń wà, nídìí ọwọ́ rẹ̀, ó sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi nílò kámẹ́rà fóònù láti fẹ̀ ẹ́. EPNS kì í ṣe fàdákà, wọ́n kàn fi fàdákà bò ó ni. Òrùka tí wọ́n kọ 375 sí jẹ́ góòlù kárátì 9. 750 jẹ́ kárátì 18.

Ife tánganran, ẹ gbé e lé orí ìka, kí ẹ fi èékánná ta etí rẹ̀. Tó bá dún gbangba, ó pé. Tó bá dún kú, ó sán níbì kan tí ojú kò rí. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti inú, ìlà dúdú náà á yọ.

Mo ra kẹ́tùlù oníná, kò gbóná. Wọ́n ní àlòkù ni, kò sí ìdápadà. Ṣé òótọ́ ni? (Òǹkàwé, Croydon)

Kì í ṣe òótọ́. Òfin Consumer Rights Act ti ọdún 2015 kan ọjà àlòkù tí ṣọ́ọ̀bù bá tà. Bí ó bá ní àbùkù tí wọn kò fi hàn yín, tí ẹ kò sì lè rí nígbà tí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti dá a padà kí ẹ gba owó yín. Rìsíìtì tàbí àkọsílẹ̀ báǹkì ti tó ẹ̀rí. Bí ọkàn yín bá kàn yí padà, òfin kò ràn yín lọ́wọ́, àfi bí ṣọ́ọ̀bù náà bá ní ìlànà tirẹ̀. Ohun oníná tó bá wà lórí igbá sábà máa ń ní sìtíkà àyẹ̀wò. Ẹ béèrè kí wọ́n kì í bọ iná níṣojú yín.

Àga onítìmùtìmù náà ní òfin tirẹ̀, ti ọdún 1988, kí ó má baà tètè gbiná. Lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n rán mọ́ abẹ́ rẹ̀, tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú CARELESSNESS CAUSES FIRE, ni ṣọ́ọ̀bù máa ń wá kí ó tó gbà á. Ẹ má gé e kúrò bí ẹ bá rà á, torí ẹ ò ní lè fi àga náà tọrẹ mọ́ lọ́jọ́ iwájú.

Àwa mẹ́ta la rí jákẹ́ẹ̀tì kan náà lẹ́ẹ̀kan, ó di ariwo. Ta ló ni ín? (Òǹkàwé, Bristol)

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lára rẹ̀ ló ni ín. Bí ó bá ti gbé e padà sórí ìkọ́, ó ti yọwọ́. Òfin yìí kò ní ẹjọ́ nínú, bí ẹ bá sọ ọ́ kí ẹ tó wọ ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́.

Èyí tí ẹ kò béèrè ló ń dá ìjà gidi sílẹ̀: bùùtù. Ẹ wọn ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú téèpù kí ẹ tó gbéra, ẹnu rẹ̀ o, kì í ṣe inú, torí ibẹ̀ ló máa ń kéré jù. Báàgì ńlá kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ ra àga tàbí tábìlì, kí ó sọ ọ́ nílé, kí ẹ lọ ní ẹni mẹ́ta, kí ẹ lè ká ìjókòó kan sílẹ̀. Kí àga má lọ jókòó kí ènìyàn wá dúró. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ jókòó láìsí bẹ́líìtì, owó ìtanràn rẹ̀ lè tó £500. Ẹ kó aṣọ ìnura àtijọ́ mẹ́ta dání láti fi wé àwo, àti àpò tiyín, torí ọ̀rá ìtajà kan kò lè dín ní 10p ní England láti ọdún 2021.

Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí Gift Aid nígbà tí mo kó aṣọ wá. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á gba owó lọ́wọ́ mi. (Òǹkàwé, Birmingham)

Wọn kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, bí ẹ bá ti ń san owó orí. Bí wọ́n bá ta ẹrù yín ní £1, ìjọba á fi 25p kún un fún wọn látinú owó orí tí ẹ ti san. Lẹ́tà tàbí ímeèlì lè wọlé lẹ́yìn náà láti sọ iye tó tà. Bí ẹ kò bá fẹ́ gba owó tí ẹrù yín pa fún ara yín, ẹ má ṣe ohunkóhun. Ẹni tí kò san owó orí tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, nítorí òun ni HMRC, iléeṣẹ́ owó orí ìjọba, máa bi léèrè ìyókù. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Èyí tí ẹ kọ fún Barnardo's kò ṣiṣẹ́ ní Oxfam. Bí ẹ bá sì ń lọ ní ẹni mẹ́rin, kí kálukú di ẹrù tirẹ̀ sínú àpò tirẹ̀ pẹ̀lú sìtíkà tirẹ̀, torí ẹni tó ni ẹrù nìkan ló lè fọwọ́ sí i.